Omi Tí Wọ́n Ní Kó Dúró

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà pé kí ni mo mọ̀ ju òyìnbó lọ, n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn pé ọ̀rọ̀ omi ni. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi se oúnjẹ ní ilé-ìwé àwọn ọmọdé kan ní Peckham, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnì kan bi mí léèrè ohunkóhun ju pé ṣé ẹran ṣì kù. Nígbà tí mo wá fẹ̀yìn tì, tí mo bọ́ sáàárín àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè, tí wọ́n sì ń mi orí sí ọ̀rọ̀ mi, ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi kọjá bó ṣe yẹ. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n èmi rò pé àwọn ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí.

Dókítà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ṣúgà ti ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, àfi kí n máa rìn. Mo ní mo ń rìn dáadáa, láti ilé dé Rye Lane, láti Rye Lane dé mọ́sálásí. Ó ní ìṣẹ́jú mélòó ni ìrìn náà ń gbà mí. Mo yí ojú sí fèrèsé, nítorí bọ́ọ̀sì ni mo máa ń wọ̀. Ọmọbìnrin mi tó tẹ̀lé mi lọ fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. N kò mọ̀ pé ó ti ń gbèrò nǹkan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló mú ìwé pélébé kan dé láti láíbìrì Nunhead, pé àwọn kan ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn lọ sí ìgbèríko Kent ní Sátidé láti tún àwọn ilẹ̀ olómi ṣe.

"Mummy, it's free. Wọ́n máa gbé yín lọ, wọ́n máa gbé yín bọ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ọmọ àgbẹ̀ ni yín?"

"Ọmọ alákùrọ̀ ni mí," mo dá a lóhùn. "Àgbẹ̀ kan ò jọ̀kan."

Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wa, kò ṣòro láti yé èèyàn. Láyé àtijọ́, àbàtà àti ọ̀gọ̀dọ̀ ló kún gbogbo apá ibẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wá gbẹ́ gọ́tà káàkiri, wọ́n fa omi jáde kí wọ́n lè rí ilẹ̀ gbin ọkà sí. Omi tó ṣẹ́ kù wá dà bí mọ̀lẹ́bí tó ti tú ká, ọ̀gọ̀dọ̀ kan níhìn-ín, irà kan lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Àkèré tó wà nínú ọ̀kan kò lè dé èkejì, bí ọ̀kan bá sì gbẹ, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ bá a lọ. Iṣẹ́ tiwa ni ká gbẹ́ ọ̀gọ̀dọ̀ tuntun, ká dí àwọn gọ́tà àtijọ́ pa, kí omi lè tàn ká, kí wọ́n sì tún máa kan ara wọn.

Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọbìnrin òyìnbó kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí, tó máa ń dé fìlà onírun tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó fẹ́ pe orúkọ mi. Mo ní kó má dán an wò, pé mo lè bí i, mo tún lè bí ìyá rẹ̀, Aunty ni kó máa pè mí. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wọn ti ń pè mí ní Aunty, títí kan bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tó ń wa bọ́ọ̀sì wa.

Ọmọbìnrin yìí ló mú wa lọ wo pápá àárín. Ọ̀gọ̀dọ̀ ńlá kan wà lókè pápá náà, irà tó lọ títí dé etí odò sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Pápá yẹn nìkan ló lè so méjèèjì pọ̀. Bàbá àgbẹ̀ kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ló ni ín, bàbá tirẹ̀ ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ gọ́tà tó la àárín rẹ̀ kọjá. Ọdún méjì gbáko ni ọ̀gá wa fi bẹ̀ ẹ́. Ó gbà níkẹyìn, ṣùgbọ́n ìgbà òtútù kan péré ló yọ̀ǹda. Bí omi bá dúró nínú pápá náà títí àwọn àkèré fi wá yé ẹyin sí i, a lè máa lò ó lọ. Bí kò bá dúró, òun yóò la gọ́tà bàbá òun padà, òun yóò gbin ọkà òun, kí ẹnikẹ́ni má sì wá kan ilẹ̀kùn òun mọ́. Bí ọmọ náà ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju iṣẹ́ oṣù lọ fún un.

Èmi náà bá bọ́ síwájú. Ní gbogbo Sátidé, bí a bá ti jókòó mu tíì, ìtàn àkùrọ̀ bàbá mi ló kù. Mo sọ fún wọn bí a ṣe ń gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí oko àwọn ẹlòmíì bá ti gbẹ táútáú. Mo sọ fún wọn bí bàbá mi ṣe máa ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, tí yóò sì sọ ibi tí omi wà. Wọ́n á di ife wọn mú, wọ́n á máa wò mí bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé a ti da yanrìn sí ìdajì àkùrọ̀ náà, pé ilé tí mo kọ́ sílé ló wà lórí rẹ̀, àti pé àbúrò mi ọkùnrin ń pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí n lè gbà pé kó da yanrìn sí ìdajì tó kù. Mo rò pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ba tíì jẹ́ mọ́ wọn lẹ́nu.

Mi ò sì sọ fún wọn pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Èkó, àti pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ṣe rí ní àkùrọ̀ ni kí n máa kó koríko kúrò lójú omi. Nígbà tí mo dé Èkó, gọ́tà ló tún kàn. Wolé-wolé ṣì ń rìn nígbà náà. Bí wọ́n bá bá tanwíjí nínú omi níwájú ilé rẹ, ilé ẹjọ́ ni ìkángun rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi a máa lé wa jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì bí a bá ti kírun Àsùbáà tán, a ó kó gọ́tà títí yóò fi mọ́, a ó sì to ìdọ̀tí rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan gbọọrọ. Bí ẹ bá fọ́ agbárí mi, ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ nípa omi kò ju pé bó bá dúró, kí a lé e lọ.

Ní Sátidé kan, òtútù mú débi pé imú mi kò sí lára mi mọ́. Ìsàlẹ̀ pápá la ti ń ṣiṣẹ́. Àkókò ìrun Àyílà tó, mo wo kẹ́tù àlùwàlá mi, ó ti ṣófo, mo ti fi omi inú rẹ̀ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára dígí ojú mi. Mo mú ṣọ́bìrì dání bí ọ̀pá, mo gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà lọ sókè láti wá omi tó ń ṣàn. Bí mo ṣe dé orí gọ́tà bàbá àgbẹ̀ ni mo rí i pé ó ti dí. Igi wíwó, ẹ̀ka, koríko àti ẹrẹ̀ ló kún ún dẹ́nu, omi sì dúró lẹ́yìn wọn, ó ti ń ṣe àwọ̀ ewé.

Kí n sọ òtítọ́, kò yẹ kó rú mi lójú. Ọ̀gá wa ti sọ fún gbogbo wa nínú bọ́ọ̀sì pé àwọn ti fi igi àti ẹrẹ̀ dí gọ́tà náà ní Sátidé tí mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Catford. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́, èmi ń sọ ìtàn fún ẹni tó jókòó tì mí. Àwọn ìdènà tí mo ti rí tẹ́lẹ̀, pákó ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọ́n gún régé. Èyí dà bí ohun tí àgbàrá wọ́ wá.

Inú bí mi gan-an. Mo ní, àwọn òyìnbó yìí náà! Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri láti ọjọ́ yìí wá, wọn ò rí gọ́tà tó dí lójú ara wọn. Mo ká etí aṣọ mi, mo sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. N kò mọ iye ìṣẹ́jú tí mo lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fa igi ńlá tó wà nísàlẹ̀ yọ, omi náà tú jáde wọ́ọ́, mo sì kí ara mi kú iṣẹ́. Mo to àwọn igi náà jọ sí ẹ̀bá gọ́tà, mo to ẹrẹ̀ tirẹ̀ tẹ̀lé e, mo fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì gbá a kó lè dúró dáadáa. Mo fi omi tó ń ṣàn ṣe àlùwàlá. Ó tutù débi pé eyín mi ń gbá ara wọn. Mo kírun lábẹ́ igi, mo sì ní kí Ọlọ́run gbà á ní sàráà fún mi, nítorí ẹni tó bá mú ìnira kúrò lójú ọ̀nà ní ẹ̀san tirẹ̀.

Nígbà tí mo padà sísàlẹ̀, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé iṣẹ́ rere tí a bá fi pa mọ́ ló níyì jù. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí n kò fọ́nnu láyé mi nìyẹn, ọjọ́ náà ló sì yẹ kí n fọ́nnu.

Sátidé tó tẹ̀lé e, bí bọ́ọ̀sì ṣe dúró lẹ́nu géètì, gbogbo wa ríran. Omi kò sí nínú pápá àárín mọ́. Ilẹ̀ ti hàn, ó ń dán, àwọn ẹyẹ tó ti ń bà síbẹ̀ ti lọ. Ọ̀gá wa ní bàbá àgbẹ̀ ti rí i, ó sì ní òun ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀ láti gba pápá òun padà. Ẹnì kan ní ẹran ìgbẹ́ ló tú ìdènà náà. Ẹlòmíì ní àwọn ọmọ ìta ni. Èmi tí inú mi máa ń tètè ru, mo na ọwọ́ sókè, mo pariwo pé ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ibi yìí, Ọlọ́run yóò tú àṣírí rẹ̀ láìpẹ́! Mo tún sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí gbogbo wọn lè ṣe àmín, wọ́n sì ṣe é. Bàbá tó ń wa bọ́ọ̀sì ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà la wá gòkè lọ wo ibẹ̀.

Ọ̀gá wa dúró lórí ìdọ̀tí tí mo tò. Ó wò ó títí. Ó ní èyí kì í ṣe ẹran, kì í ṣe ọmọdé. Ó ní ẹni tó ṣe é fara balẹ̀, ẹ wo bó ṣe to igi lọ́tọ̀, tó to ẹrẹ̀ lọ́tọ̀, tó tún gbá a. Mo wo ẹrẹ̀ náà, ojú ẹ̀yìn ṣọ́bìrì mi ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló máa ń bà. Tèmi kò tilẹ̀ dé ọjà rárá, orí ara mi ló já lé. Ilẹ̀ ò sì lanu kí n wọlé, gbogbo omi tí ì bá jẹ́ kó rọ̀ ni mo ti lé lọ.

Nígbà tí mo délé, ọmọbìnrin mi wò mí lójú.

"Mummy, you've been home one hour, ẹ ò tíì sọ ìtàn kankan. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "So ìgbà wo lẹ máa sọ fún wọn?"

"Mi ò lọ mọ́. Mo ti dàgbà, orúnkún ń dùn mí."

"Mummy, allow it, ẹ fi ti orúnkún sílẹ̀. That girl ti bẹ bàbá yẹn for two years. Bí ẹni tó tú u ò bá jáde, bàbá yẹn ò ní gbà pé èèyàn ni, ó máa rò pé omi ò lè dúró níbẹ̀ ni. Then it's finished, innit?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi sí i. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni mo fi wá ẹni tí mo lè di ẹ̀bi rù. Mo ro ti orúnkún mi, mo ro ti kẹ́tù tó ṣófo. Mo ronú títí mo fi dé orí pé òyìnbó ló dá iṣẹ́ wolé-wolé sílẹ̀ nílẹ̀ wa, nítorí náà ẹ̀bi wọn ni gbogbo rẹ̀. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì láti Rye Lane nígbà tí mo rí èyí, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn títí mo fi dé ìta ilé mi. Ìgbà tí mo wá fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn ni mo rántí ojú pípọ́n ọmọ náà.

Ní Sátidé, bàbá àgbẹ̀ ti ń dúró dè wá, òun àti ajá rẹ̀ àti ọ̀pá rẹ̀. Kò fi ìbínú sọ̀rọ̀. Ó ní a ti gbìyànjú, ṣùgbọ́n òun kò gbà pé èèyàn ló tú ìdènà náà, omi ni kò fẹ́ dúró nínú ilẹ̀ yẹn, pé bàbá òun mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa. Ó na ọwọ́ sí ọ̀gá wa láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ náà na tirẹ̀.

"Èmi ni," mo ní.

Kò sí ẹni tó gbọ́ mi dáadáa. Mo tún un sọ, ohùn mi sì ga jù bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo ní èmi ni mo kó o, mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo fẹ́ ṣe àlùwàlá ni. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà nínú ẹrẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kékeré pé kí a máa bẹ àgbà. Wọ́n rò pé mo dákú ni. Ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n wá àga, ajá ń gbó mi lójú. Nígbà tí mo sì fẹ́ dìde, orúnkún tí mo ti ń fi parọ́ láti ọ̀sẹ̀ yẹn kọ̀ ní tòótọ́, àfi ìgbà tí ọ̀gá wa àti bàbá tó ń wa bọ́ọ̀sì fà mí sókè lápá méjèèjì.

Bàbá àgbẹ̀ lọ wo ohun tí mo tò. Ó fi ọ̀pá tọ́ ọ. Ó ní kí ló dé tí mo tò ó sí apá ìsàlẹ̀, tí kì í ṣe apá òkè. Mo ní kí òjò má baà wọ́ ọ padà sínú gọ́tà, pé bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nínú àkùrọ̀ rẹ̀. Ó mi orí. Ó ní bàbá òun náà kì í jẹ́ kí àwọn tò ó sókè. Ó wá wò mí, ó ní ta ló ń ro ilẹ̀ bàbá mi náà báyìí.

Gbogbo àwọn tó ti gbọ́ ìtàn àkùrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yí ojú sí mi. Mo ní kò sẹ́ni tó ń ro ó. Mo ní a ti da yanrìn sí ìdajì rẹ̀, ilé mi ló wà lórí rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n dà á. Mo ní bàbá mi ṣì wà láyé nígbà náà, ó kàn ń wo àwọn ọkọ̀ yanrìn bí wọ́n ṣe ń já a. N kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí, ó sì dùn mí bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi.

Bàbá náà wo pápá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sínú àpò, ó gba ṣọ́bìrì ọwọ́ mi, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹrẹ̀ àkọ́kọ́ padà sínú gọ́tà bàbá rẹ̀. Ó ní títí àwọn àkèré yóò fi dé, ká wò ó.

Gbogbo wa la ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà. Mo bọ́ sínú rẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀ mọ́ ara wọn, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, bàbá mi a máa dí omi pẹ̀lú, èmi ni n kò dúró kọ́ ìyẹn. Bàtà rọ́bà mi kan há sísàlẹ̀, a fà á títí, kò jáde. Ó ṣì wà nínú ìdènà náà títí di òní.

Ọ̀gá wa ní kí n bá òun kọ nǹkan sára pákó kan ní Yorùbá, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà: ẸNI TÓ BÁ DÉ IBÍ, Ẹ JỌ̀WỌ́, Ẹ MÁ KÓ O. Ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ní gbogbo ìgbèríko yẹn, n kò rò pé ẹnì kan wà tó lè kà á yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún.

Omi padà wá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, a dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé kan, bàbá àgbẹ̀ ti wà létí omi, ó ń ju ọwọ́ sí wa. Ẹyin àkèré ni, wọ́n kún etí omi, ó ń mì tìtì bí ẹ̀kọ tútù tí ènìyàn wọ́n iyèré sí. Ọ̀gá wa fi fìlà rẹ̀ bo ojú, ó ń sunkún. Èmi náà sunkún, mo sì sọ fún wọn pé atẹ́gùn ló kó sí mi lójú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo ti padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi, ni àbúrò mi pè láti ìlú wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ yanrìn ti dúró o. Ẹ kàn sọ pé ó yá."

Mo ní kó má dà á.

"Ṣé ẹ fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀ ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá fẹ́ wà níbẹ̀?"

"Omi," mo ní. "Omi bàbá wa. Jẹ́ kó dúró."

Ó rọra ní kí n fún ọmọ mi ní fóònù.